Síìmù Méjì, Òpó Méjì: Kí Ohùn Símbí Má Gé Lójú Ọ̀nà

Longsight, Manchester
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Símbíà mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Mùídì, mo sì kí ilé ẹlẹ́sẹ̀ táyà, ọkọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì rà láti máa gbé inú rẹ̀ rìnrìn àjò. Lánàá tí ẹ gbé e wá síwájú ilé wa, ó dí ojú pópó, gbogbo aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé, inú mi sì ń dùn bíi pé èmi ni mo ni ín. Ìyá rẹ nìkan ló káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fa màlúù wá fún láìjẹ́ ọjọ́ Iléyá.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ó ní, "Bàbá Símbí, ṣé ọmọ yìí fẹ́ pàdánù iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ni?" Mo ní, "Rárá o. Mo máa kọ̀wé sí i." Ó ní, "Ìwé kẹ̀? Láyé fóònù yìí?" Mo ní bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, "Yes, Daddy, yes, Daddy" ni Símbí á máa fi dá mi lóhùn, kò sì ní í rántí ìkankan lọ́la. Nítorí náà, jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa kọ irú ìwé yìí láyé mi, torí ọwọ́ ti ń ro mí báyìí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tí o rí yìí kì í ṣe iṣẹ́ eré. Àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí wọn ò gbọ́ òyìnbó dáadáa, bí wọ́n bá jókòó síwájú dókítà, ìwọ ni ohùn tó máa wà lórí fóònù. Ìwọ lo máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà, tí o máa gbé e fún wọn ní Yorùbá. Ọ̀gá rẹ gbà pé o lè ṣe é láti inú ọkọ̀ yín, ì báà jẹ́ ní France tàbí Spain. Àmọ́ wọ́n fi ọ́ sórí oṣù ìdánwò, wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ fún ọ pé bí ìlà rẹ bá ń gé, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ohun tí ìyá rẹ ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Èmi ò bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wa tírélà láti Manchester yìí dé ìsàlẹ̀ Spain, kò sì sí irú síìmù tí kò tíì já mi kulẹ̀ rí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ẹ̀yin lẹ ni fóònù tuntun, èmi ni mo ni àkísà. Ó yá, wá gba àkísà lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkíní, má fi síìmù kan ṣoṣo rìn. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Àmọ́ tẹ́tí dáadáa, torí ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Spain, mo ra síìmù méjì, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ ọsàn. Mo wá ń yangàn fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi pé èmi ti gbọ́n jù wọ́n lọ. Bí mo ṣe wọ àárín òkè báyìí, ewé kú, ọsàn kú, lẹ́sẹ̀ kan náà! Mo yọ wọ́n, mo tì wọ́n bọ̀ ọ́ padà, mo fi aṣọ nù wọ́n, òfo. Awakọ̀ ará Poland kan ló wá ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rẹ́, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni méjèèjì ń lò." Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì tó ń ta síìmù ni kò ní òpó tiwọn. Òpó àwọn ńláńlá ni wọ́n ń yá lò. Nítorí náà, kí o tó ra síìmù kejì, béèrè pé òpó ta ni èyí ń lò. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀, wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó o tó sanwó.

Ìkejì ni ti síìmù tí ẹ ń lò nílé níbí. Mo gbọ́ tí Mùídì ń sọ lánàá pé, "Daddy, dátà tiwa ò lópin." Mo kàn mi orí sí i, torí àna mi ni. Orí Stockport Road tiwa níbí ni kò ti lópin! Bí ẹ bá ti sọdá omi báyìí, wọ́n sábà máa ń fi ìwọ̀n sí i, ìwọ̀n yẹn sì lè kéré sí ti ilé gan-an. Àwọn mìíràn tún ń ṣọ́ bó ṣe pẹ́ tó tí ẹ ti wà lẹ́yìn odi. Bó bá pẹ́ jù lójú wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lé e, tàbí kí wọ́n kúkú gé e. Lílo síìmù ilé nílẹ̀ òkèèrè yìí ni wọ́n ń pè ní roaming. Kò burú fún ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹ fi wá ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ti ń ta tibẹ̀. Má fi ṣe oúnjẹ òòjọ́. Lọ ka àdéhùn kọ́ńpìnnì yín fúnra rẹ, pàápàá àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀.

Síìmù Manchester náà, má jù ú nù o. Fi sínú fóònù àtijọ́ kan, kó máa wà láàyè, torí nọ́ńbà yẹn ni báńkì máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Mo yọ tèmi nígbà kan, mo jù ú sápò ṣòkòtò, ìyá rẹ sì sọ ṣòkòtò náà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Títí di òní, ó ní ẹ̀bi mi ni, mo ní ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá dé France, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kọ́ńpìnnì gan-an, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mú ìwé ìrìnnà rẹ dání, torí wọ́n lè fẹ́ fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀. Má sì kúrò níwájú káńtà títí á fi ṣiṣẹ́ lójú rẹ. Ẹni tó ń tajà lè máa wo aago, jẹ́ kó máa wò ó. Síìmù France sábà máa ń ṣiṣẹ́ dé Spain àti Portugal, àmọ́ ẹ béèrè bí dátà tó máa bá yín débẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Morocco tí Mùídì ń dọ́gbọ́n dárúkọ yẹn kò sí nínú rẹ̀ o. Kódà, létí òkun ìsàlẹ̀ Spain, fóònù lè gbá òpó Morocco mú láti òdìkejì omi, kí owó máa lọ nígbà tí ẹ̀yin rò pé Spain lẹ ṣì wà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá sì sọdá, ẹ ra ti Morocco ní Morocco.

Ó wá kan ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì. Má fi fóònù rẹ ṣe ráútà. Fóònù tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé ìpè, tó ń júwe ọ̀nà, tó tún ń kọrin fún Mùídì, ṣé ẹrú ni? Ra ráútà tí wọn kò tì mọ́ kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo, tó lè lo iná bátìrì ọkọ̀, tó sì ní ibi tí a ti ń so eríà, irin tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mọ́. Ara ọkọ̀ nípọn, ó ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́nà, nítorí náà kí eríà wà lórí òrùlé. Kí wáyà tó so ó mọ́ ráútà kúrú. Bó bá ti gùn jù, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé ìsàlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ráútà kékeré tó ní bátìrì nínú, tí wọ́n ń tì bọ àpò, mo ti lò ó. Mo gbé e síwájú gíláàsì tírélà lọ́sàn-án gangan ní Spain, mo lọ kírun. Kí n tó dé, ó ti wú bíi púfúpúfù! Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń wò ó, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá máa lo irú rẹ̀, ẹ má gbé e sínú oòrùn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní ráútà tòun ní ihò síìmù méjì. Bi í pé, "Ṣé méjèèjì ló máa ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ọ̀kan máa ń sùn?" Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀kan máa ń sùn ni. Bí àkọ́kọ́ bá kú, èkejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa nu ojú, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá òpó. Ẹni tó ń wo fíìmù lè dúró dè é. Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà ńkọ́? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ báyìí pé kí síìmù kejì wà nínú fóònù ọ̀tọ̀, kó ti jí, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ, kí nọ́ńbà ibi iṣẹ́ sì ti wà nínú rẹ̀.

Má jẹ́ kí wọ́n fi ìyára tàn ọ́ jẹ. Ohùn ènìyàn kì í jẹ dátà púpọ̀, kó ṣáà ti dúró ṣinṣin. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ fẹ́ sùn, kí ẹ tó fa búréèkì, wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí o pe ẹnì kan, kí ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bó bá ń já, ẹ kúrò níbẹ̀. Mo mọ Mùídì, ó fẹ́ràn ibi tó rẹwà, ìsàlẹ̀ àfonífojì, omi ń ṣàn, ẹyẹ ń ké. Ibẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Kó lọ wo ẹyẹ rẹ̀ ní ọjọ́ tí o kò bá ní iṣẹ́. Bó bá sì ní òun fẹ́ ra abọ́ sátẹ́láìtì, kò burú, níbi tí kò bá sí òpó kankan, abọ́ yẹn lè gbà yín. Àmọ́ ó ń jẹ iná bátìrì gan-an, igi sì lè dí i lójú. Ẹ fi ṣe ìkẹta bí agbára bá ká a.

Wáyáfáì ọ̀fẹ́ ibùdó tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí, ẹ máa fi wo bọ́ọ̀lù. Má fi ṣe iṣẹ́ rẹ. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun tí a ń gbé gba ojú ọ̀nà gbogbo ayé. Bí ìpè bá ti wọlé, ti ilẹ̀kùn, kí ọkọ rẹ bọ́ síta, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ọmọ Manchester ni, òjò kọ́ ló máa pa á.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kò sí wàhálà. Èyí tó kàn yìí ni kó o dì mú, kódà bó o bá gbàgbé gbogbo ìyókù.

O mọ gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù. O sì mọ ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Sálíù, tí wọ́n wà ní Ìlọrin. Láti ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: àwòrán òdòdó tó ń tàn yinrinyinrin, fídíò wàásù, fídíò Mẹ́kà, àdúrà tí wọ́n fi ohùn ara wọn kà tí kò lópin. Ẹlòmíràn á tún gbé èyí kan náà wá. Òyìnbó tó bá sú á kàn tẹ fóònù, á jáde. Àwa ò tó bẹ́ẹ̀! Bó o bá jáde, Bàbá Sálíù á pe ìpàdé lé ọ lórí: "Kí ni ẹbí fi ṣe ọ́?" Nítorí náà mo dúró síbẹ̀, fóònù mi sì ń gbé gbogbo rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, lórí roaming, nínú tírélà, ní Spain.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹbí kí mi títí dátà mi fi tán. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní n óò rà sí i bí mo bá dé ibi ìsinmi awakọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá rẹ jókòó síwájú dókítà.

A ò sọ èyí fún ọ rí, Àbẹ̀kẹ́. O ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìyá rẹ sì ní a kì í gbé ọ̀rọ̀ àìsàn ìyá sí ọmọ lẹ́nu pé kó wá túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó tirẹ̀ nígbà yẹn kò ju èyí tó fi ń nájà ní ọjà Longsight lọ. Wọ́n ti rí kókó kan lọ́yàn rẹ̀, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, èsì ló lọ gbà. Wọ́n pe ògbufọ̀ sórí fóònù, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ó kí ìyá rẹ dáadáa. Dókítà sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Dókítà ní èsì yín ti dé. Wọ́n ní àwọn rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n..." Ìlà gé.

Wọ́n pè é padà, kò wọlé. Wọ́n wá ògbufọ̀ mìíràn, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa dilẹ̀ àfi nírọ̀lẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ bà á léjìká, ìyá rẹ ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ayọ̀ ni àbí ẹ̀rín àánú. Ó pè mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí a ti máa ń ṣe, kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Dátà mi ti tán sórí òdòdó.

Nígbà tí mo rí wáyáfáì ní ibi ìsinmi, tí mo pè é, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ní, "Bàbá Símbí, ṣùgbọ́n kí ni?" Mi ò mọ ohun tó ń wí. Ó tún un sọ: "Ṣùgbọ́n kí ni?" Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tírélà.

Ìrọ̀lẹ́ ni ògbufọ̀ mìíràn tó parí gbólóhùn yẹn fún un: wọ́n rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó léwu. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Alhamdulillah. Àmọ́ ìyá rẹ ti fi odindi ọ̀sán múra ikú. Ó ti pín aṣọ rẹ̀ tán nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti ń ronú ẹni tí yóò máa bá ọ di irun.

O máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìbéèrè pé, "Ṣé ò ń gbọ́ mi? Ṣé o ṣì wà ńbẹ̀?" Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò kórìíra ìrìnàjò yín, kò sì kórìíra ọkọ̀ yín. Ìyá ẹlòmíràn tó máa jókòó síwájú dókítà ló ń rò.

Nítorí náà, ráútà iṣẹ́, iṣẹ́ nìkan ni kó máa ṣe. Kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ni kó wà lórí rẹ̀. Mùídì, bọ́ọ̀lù rẹ̀, orin rẹ̀, àti gúrúùpù ẹbí, kí gbogbo wọn wà lórí síìmù tirẹ̀. Wọ inú fóònù, pa ohun tó ń jẹ́ kí fídíò máa wọlé fúnra rẹ̀. Má jáde nínú gúrúùpù o! Bàbá Sálíù á ní èmi ni mo kọ́ ọ. Fi "Àmín" kan ránṣẹ́ ní gbogbo Jímọ̀. Àmín kì í jẹ dátà.

Ó kù ohun kan. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sórí àwọn òkè ẹ̀yìn ìlú, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń ṣe ségesège. Ẹ so eríà, ẹ tan ráútà, kí o ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, kí Mùídì jókòó ti ráútà, kó sì pa á lójijì láàárín ọ̀rọ̀, ká wo bí o ṣe máa gbá fóònù kejì mú. Màá pè ọ́ láti pálọ̀ wa. Èmi ni dókítà. Má rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ni aláìsàn.

Mo ka ìwé yìí sí i létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ìlà ti gé, ó dìde, ó lọ gbé omi tíì kaná, tíì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Mo rò pé ó máa ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ó pariwo láti ìdáná pé, "Ẹ fi sílẹ̀. Kó mọ̀." Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ni dókítà fẹ́ sọ ní Sátidé?" Mo ní, "Èyí tó bá wá sí mi lẹ́nu." Ó ní, "Rárá o. Ti ọjọ́ yẹn ni kí ẹ sọ."

Mo ti ń kọ́ ọ sórí báyìí. Màá sọ ọ́ ní òyìnbó awakọ̀ mi, pé èsì ti dé, pé a rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó léwu. Ìwọ lo máa gbé e fún un ní Yorùbá. Bó o bá dé ibi "ṣùgbọ́n" yẹn, ọmọ mi, má sáré, má sì dúró. Bí ìlà kan bá kú, gbá èkejì mú, kó o parí rẹ̀ fún un. Ó ní bí òun bá gbọ́ ọ dé òpin lẹ́nu rẹ, òun fúnra òun lòun máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣàdúrà ìrìnàjò fún yín.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Àbẹ̀kẹ́, bí mi ò tilẹ̀ kì í sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, awakọ̀ àtijọ́, dókítà ọjọ́ Sátidé. Aláìsàn ní kí n kí ọ, ó ní òun á máa retí ìpè.